Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Tí Bàbá Ràímì Fi Sílẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fi ohun tí ojú kò lè rí mọ ènìyàn nínú ìyá rẹ̀, tó sì tún fún un ní ojú tí yóò fi máa wo ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé Ó jẹ́ kí Bàbá Ràímì, bàbá wa àgbà, dàgbà kí wọ́n gbó kí wọ́n tó lọ. Mo dúpẹ́ pé orí ẹní wọn ni wọ́n wà, nínú ilé wọn ní Ọ̀yọ́, àti pé kálímà ló gbẹ̀yìn lẹ́nu wọn. Mo dúpẹ́ pé ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ tí a sin wọ́n.

Bí mo bá kúrò lórí ọpẹ́, mi ò mọ ohun tó kàn. Omijé kò wá. Àyà mi dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́: ó dìde, ó ń tẹ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ènìyàn ń kí mi pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, mo ń dá wọn lóhùn, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ìyàwó mi ló ní kí n jókòó kọ ohun tí mo bá rántí. Mo jókòó. Ohun tí mo kọ́kọ́ rántí ni ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún.

Iṣẹ́ igbá fínfín ni Bàbá ṣe jẹun. Ìsọ̀ wọn wà lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, yàrá kan tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ìhọ̀ igbá, èyí tí ọ̀bẹ họ kúrò, kún ilẹ̀ rẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. Wọ́n ń fín igbá tí ìyàwó tuntun ń gbé wọlé ọkọ, àti ọmọrí tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ àlejò, àti èyí tí àwọn ará ìta ń rà lọ gbé kọ́ ara ògiri. Awọ àgbò Iléyá kan ni wọ́n ń jókòó lé. Wọ́n á ká ẹsẹ̀ òsì, wọ́n á na ọ̀tún síwájú gbọọrọ, wọ́n á gbé igbá lé itan òsì. Kí ọ̀bẹ tó kan igbá, wọ́n á kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀, ikọ́ tí kì í ṣe ti àìsàn. Wọ́n á ní, "Bisimiláì." Wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn sójú igbá, ìbáà jẹ́ pé eruku wà níbẹ̀ ni o, ìbáà jẹ́ pé kò sí.

Ẹsẹ̀ yẹn ní ìdí. Ìkòyí-Ilé ni Bàbá ti máa ń ra igbá, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń gbìn ín. Ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, wọ́n ń bọ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn àti àpò igbá wọn. Awakọ̀ fi ìbínú tẹ bíréèkì ní oríta Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, Bàbá sì já bọ́ láti òkè. Wọn ò fi àpò sílẹ̀. Wọ́n gbá a mọ́ àyà títí wọ́n fi balẹ̀, orúnkún ọ̀tún ló sì kọ́kọ́ kan ọ̀dà. Láti ọjọ́ náà, orúnkún yẹn kò ká dáadáa mọ́. Wọ́n ní àwọn tó sáré dé ibẹ̀ ń pariwo lé wọn lórí pé, "Kí ló dé tí o ò ju igbá dànù, kí o di ọkọ̀ mú?" Bàbá ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára àpò. Wọ́n ní, "Igbá ni mo lọ rà. Mi ò lọ ra orúnkún."

Ti Bàbá nìyẹn. Àmọ́ kí ló ṣe àwa yòókù? Bàbá mi, tí orúnkún wọn méjèèjì pé, ń na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Sàká, ọmọ iṣẹ́ kan tó bá wa gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ń nà án. Èmi náà ń nà án. Kò sẹ́ni tó ní kí a nà án.

Obìnrin kan wá ra igbá láti Ìbàdàn nígbà kan. Ó dúró lẹ́nu ìsọ̀, ó ń wò wá bí a ṣe tò bẹẹrẹ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún gbogbo wa nà síta bí igi ìdáná tí wọ́n kì bọ inú ààrò.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Kí ló ṣe gbogbo yín lẹ́sẹ̀?"

Sàká ló gbà á sọ. Ó ní, "Mà, bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ ò bá na ẹsẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n."

"Ọ̀tún nìkan?"

"Ọ̀tún nìkan ni, mà. Tòsì máa ń mú kí igbá là."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ sínú ìhọ̀ igbá. Wọ́n ní, "Ìyá oníbàárà, ẹ má dá Sàká lóhùn. Orúnkún tèmi ló bàjẹ́. Àwọn wọ̀nyí kàn ń bá mi ṣàìsàn rẹ̀ ni."

Ojú ti Sàká. Bí obìnrin náà ṣe lọ tán, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní òun kì í ṣe arọ. Ó fín ẹyẹ kan, ìrù ẹyẹ náà sì wọ́ lọ sí ibi tí kò rán an. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti nà padà, òun gan-an kò sì mọ ìgbà tó nà. Bàbá rí i. Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n mú un dání, wọ́n ní, "Wọ́n ń purọ́ mọ́ ọ̀bọ pé òun ló mọ àfarawé ṣe. Wúkọ́ níwájú ọ̀bọ, kí o tó wá bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọ̀bọ á máa wò. Kí ló kàn án pẹ̀lú ikọ́? Ọmọ ènìyàn ló máa kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó bó tirẹ̀."

Bàbá ló fi mí sí ilé kéú tó wà ní mọ́sálásí àdúgbò wa, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú mi lọ sí ilé ìwé tí mọ́sálásí náà dá sílẹ̀. Ọlọ́hun bá mi ṣe é, mo kàwé débi tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàólọ́jì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń wálé. Mo máa ń jókòó ti Bàbá, mo máa ń ròyìn ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ. Ọjọ́ kan, mo ń ṣàlàyé bí etí, imú, àti jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Mo ní ó dà bí ìwé kan tó ń da ara rẹ̀ kọ.

Bàbá ń fín ẹja kan lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ẹni tó ń kọ ọ́ ń wò ó ni?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Inú òkùnkùn ló ti ń kọ ara rẹ̀."

"Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó lè ní òun ò fẹ́ irú etí yẹn?"

"Wọ́n ti yàn án fún un kó tó débẹ̀."

"Ìgbà wo ló ń parí?"

"Kí wọ́n tó bí i ló ti parí, Bàbá."

Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sójú igbá. Wọ́n ń fín ìpẹ́ ẹja náà lọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Wọ́n wá ní, "Tiwa níbí kì í parí. Ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń fún ni, ọwọ́ ẹni méjì péré ló sì ti ń wá. Ojú ń gbà títí dọjọ́ ikú, lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣáà ti jókòó síwájú rẹ̀. Nítorí náà, Tàjù, ẹni tó bá jókòó síwájú ọmọdé, kó yáa mọ̀ pé òun ń bímọ."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí mo rántí nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ eré nínú ilé wa. Bàbá mi, Jímọ̀, kì í ṣe ọmọ tí Bàbá Ràímì bí. Láwàní ló bí i, àgbẹ̀ kan ní Ìkòyí-Ilé tí Bàbá máa ń ra igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Láwàní kú. Nígbà tí opó rẹ̀ parí ìdáà, ìyẹn àkókò opó ṣíṣe nínú ẹ̀sìn wa, Bàbá fẹ́ ẹ. Òun ni Ìyá Àgbà wa, tó ti ṣáájú lọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n pọn bàbá mi sí wá sí Ọ̀yọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bàbá bí. Múftáù ni orúkọ wọn, àwa ọmọ sì ń pè wọ́n ní Bàbá Takie. Ìyàwó àkọ́fẹ́ ló bí wọn. Nígbà tí ìyá wọn kúrò nílé Bàbá, Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé wọn lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì sí oríta Takie. Ẹ wo ojú Bàbá Takie, ojú Bàbá ni: iwájú orí tó yọ síta, etí tó tẹ̀ síwájú, èjí tó fẹ̀. Àwọn ará ọjà a máa fi wọ́n ṣàwàdà pé, "Fọ́tókọ́pì Bàbá ti dé o!" Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ló ń rìn yẹn, òun náà ló ń fi imú rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi bàbá mi sílé ìwé, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Jímọ̀ Ràímì. Bàbá kọ̀. Ìjà yẹn le nínú ilé. Ìyá Àgbà ń gbé oúnjẹ wọn kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó ń gbé abọ́ kúrò láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ kúkú sọ pé kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Bàbá ní, "Ọmọ mi ni. Ọmọ Láwàní ni."

"Láwàní ti kú!"

"Ohun tó bà mí lẹ́rù náà nìyẹn. Ì bá wà láàyè, ì bá wá bá mi jà. Mi ò ní jí orúkọ lára òkú."

Ẹ̀sìn wa ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, pé kí a máa fi orúkọ bàbá ọmọ pe ọmọ. Jímọ̀ Láwàní ni bàbá mi ń jẹ́ títí dòní, Tàjù Láwàní ni èmi náà. Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ní kékeré, nígbà tí tíṣà bá pe orúkọ yẹn ní kíláàsì, ó máa ń ṣe òun bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun síta.

Ní Akẹ̀sán, bí ẹnikẹ́ni bá bi Bàbá pé ṣé ọmọ wọn ni èyí, wọn kì í ṣàlàyé. Gbogbo wa la mọ òwe pé bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Bàbá kì í pa á tán. Wọ́n á kàn gbé ojú sókè lórí iṣẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ẹ jẹ́ kí n pe igbá mi."

Ohun kan ṣoṣo wà tí gbogbo ilé fi mọ Bàbá Ràímì, tó fi jẹ́ pé bí mo bá gbàgbé gbogbo ìyókù, mi ò ní gbàgbé ìyẹn. Nígbà tí bàbá mi ti tó ọmọ tó lè gbé korobá omi, àwọn ẹbí Láwàní ránṣẹ́ láti Ìkòyí-Ilé pé ọmọ àwọn ti dàgbà, kó máa bọ̀ nílé bàbá rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ìyá Àgbà bú sẹ́kún. Àwọn ará agbo ilé ní kí Bàbá gbé ọmọ pamọ́. Bàbá fọ aṣọ ọmọ náà fúnra wọn, wọ́n dé fìlà, wọ́n fà á lọ́wọ́, ó di ìdíkọ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ mìíràn ní Takie. Bàbá mi rántí pé wọ́n ra àkàrà gbígbóná fún òun, wọ́n sì ń wo òun bí òun ṣe ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ilé Láwàní, wọ́n fi ọmọ náà jókòó níwájú àbúrò Láwàní. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín rè é. Mo tọ́jú rẹ̀, mi ò sì yọ nǹkan kan níbẹ̀."

Wọ́n yí padà. Bàbá mi ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn bó ṣe ń wọ́ lọ lójú ọ̀nà. Wọn ò wẹ̀yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo ìgbà ni Bàbá máa ń ní kí bàbá mi tún un sọ. Wọ́n fún ọmọ náà ní àpótí kó jókòó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n rán an níṣẹ́, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. "Kí ni wọ́n fi ṣe ọmọ yìí ní Ọ̀yọ́?" Wọ́n ní Bàbá ti dá ọmọ lẹ́sẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yára dá a padà. Inú bí wọn gidi. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń to eegun. Bàbá náà gbé omi gbígbóná àti òrí kalẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó ká a, ó nà án, ọmọ náà kò ké.

Ó ní, "Dìde. Rìn lọ síbi igi yẹn, kí o rìn bọ̀."

Ọmọ náà ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ó ń wọ́ ọ bọ̀.

"Ta ló ń rìn báyìí nílé yín?"

"Bàbá mi ni."

Ọkùnrin náà nu òrí kúrò lọ́wọ́. Ó sọ fún àbúrò Láwàní pé, "Ẹ gbé omi yín. Ẹsẹ̀ yìí kò ní nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló wọ̀."

Àbúrò Láwàní fa ọmọ náà lọ́wọ́ délé. Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ẹsẹ̀. Orúkọ wa ṣáà wà lára rẹ̀, wọn ò yọ ọ́." Ìgbà tí Bàbá tún wá ra igbá ni wọ́n fa ọmọ náà lé wọn lọ́wọ́. Ìyá Àgbà máa ń fẹ́ gbọ́ pé Bàbá fò sókè, tàbí pé wọ́n sunkún. Bàbá mi ní rárá o. Wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Gbé àpò yẹn. Ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Bàbá kò ṣàìsàn pẹ́. Nígbà tí ojú wọn ti pa dé, ọwọ́ ọ̀tún wọn ṣì ń rìn lórí aṣọ ìbora, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fín ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá mi rọra fi igbá kékeré kan sábẹ́ ọwọ́ náà. Ọwọ́ náà dúró.

Lójú sàréè, Lèmọ́mù ní, "Kí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ inú sàréè wá gbà á o." Bàbá Takie bọ́ bàtà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹbí Bàbá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìkà, pé, "Jímọ̀, ọmọ bíbí ni wọ́n ń pè." Bàbá mi dúró. Bàbá Takie gba orí òkú. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ló wọlẹ̀ lọ gba ẹsẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Mo ń wo ilẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan lára, bí mo ṣe wí lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí a ń bọ̀ láti ibẹ̀, Bàbá Takie rìn bá bàbá mi. Wọ́n ní, "Jímọ̀, ọ̀rọ̀ ìsọ̀ yẹn, lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ la ó sọ ọ́. Mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì síbẹ̀."

Bàbá mi ní, "Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ̀gbọ́n."

Òótọ́ ni. Nínú ẹ̀sìn wa, ọmọ bíbí ló ni ogún, Bàbá kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìsọ̀ kí wọ́n tó lọ. Láàárín àwọn ọjọ́ yẹn, bàbá mi kó àwọn ọ̀bẹ jọ, wọ́n fi aṣọ Bàbá kan dì wọ́n, wọ́n so ó. Wọn ò fín nǹkan kan. Ní ọjọ́ tó ṣáájú fídáù, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ ìsọ̀, ìhọ̀ igbá tí a kì í gbá tán. Wọn ò gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Tàjù, ìwọ tó o kéú, tó o tún kàwé. Kí ni mo jẹ́ sí wọn gan-an?"

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ẹ̀jẹ̀, mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo ń gbálẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹjọ pé. A ké Alùkùráánì, a ṣe sàráà, àwọn ènìyàn jẹun, wọ́n ṣàdúrà fún wa, wọ́n lọ. Bàbá Takie ní kí a lọ wo ìsọ̀. Àwọn ló ṣáájú, bàbá mi tẹ̀ lé wọn, èmi wà lẹ́yìn.

Káfáyà ti wà níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ni, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó jókòó sórí awọ àgbò Bàbá. Èéfọ́ igbá wà lórí itan rẹ̀ òsì, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún nà síwájú gbọọrọ. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Bisimiláì." Ó fẹ́ atẹ́gùn sójú igbá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí ṣíbí ha á.

Bàbá Takie dúró gbọnin lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló kọ́ ọ báyìí?"

Káfáyà ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé tí o nà án?"

Káfáyà wò wọ́n bí ìgbà tí àgbàlagbà bá béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè. Ó ní, "Igbá ni mò ń fín."

Bàbá Takie bọ́ bàtà. Wọ́n wọlé, wọ́n sọ ara wọn kalẹ̀ sórí awọ àgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, bí ẹni tí àga ti mọ́ lára ṣe ń jókòó sílẹ̀. Wọ́n gbé igbá kan tí Bàbá kò fín tán lé itan. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn méjèèjì.

"Jímọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹsẹ̀ wo ni Bàbá máa ń nà?"

Bàbá mi ní, "Ọ̀tún ni, ẹ̀gbọ́n."

Bàbá Takie na ọ̀tún. Bàbá mi wò ó, wọ́n mi orí. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo gbọ́ ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. "Kì í nà tán báyẹn. Orúnkún wọn máa ń ga díẹ̀." Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ orúnkún ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n gbé e sókè díẹ̀. "Ibẹ̀ un. Ẹ dá a dúró síbẹ̀."

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Ojú Bàbá ni mo ń wò, àti ẹsẹ̀ Bàbá, lórí awọ àgbò Bàbá. Ojú yẹn ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ yẹn, ọwọ́ bàbá mi ni mo rí tó gbé e síbẹ̀. Mo ń retí kí omijé dé. Kò dé. Mo kàn wúkọ́ díẹ̀ ni, Káfáyà sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè ráàyè jókòó. Ó rò pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bàbá Takie ní, "Àwọn ọ̀bẹ yẹn dà?"

"Mo ti dì wọ́n, ẹ̀gbọ́n."

"Tú wọn. Ẹ̀rọ mi á rí ibòmíràn wà." Wọn ò tíì gbé ẹsẹ̀ náà kúrò níbi tí bàbá mi gbé e sí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Lójú sàréè yẹn, Jímọ̀, ìwọ ló yẹ kó o gba ẹsẹ̀ wọn."

Bàbá mi tú aṣọ náà. Wọ́n pín ọ̀bẹ fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìrántí yìí dé ibi yìí, kí Ọlọ́hun fi ẹni rere síwájú ojú yín, kí Ó sì fi ọmọ rere síwájú yín. Ohun tí ọmọdé bá kó lára wa láìjẹ́ pé a mọ̀, kí Ó má jẹ́ kó jẹ́ ohun tí a ó kábàámọ̀ rẹ̀. Kí Ó fẹ ibi tí Bàbá Ràímì sùn sí lójú, kí Ó sì jẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn dé ilé láyọ̀. Àmín.